Ayàwòrán Wo Ni Ó Yẹ Ọ̀dọ́ Òṣèré?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ òun ń bínú tàbí inú rẹ̀ ń dùn, kì í wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í wo aṣọ tí ó wọ̀. Ojú rẹ̀ ni ó máa ń wò. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́ fún gbogbo ènìyàn, ó jẹ́ òtítọ́ ní ìlọ́po méjì fún òṣèré, nítorí pé ojú ni ọkọ́ àti àdá tí òṣèré fi ń roko.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí ni ó ń fẹ́ di òṣèré. N kò ní bá yín jà lórí èyí, nítorí iṣẹ́ tí ó lọ́lá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ yín kì í kà sí, tí ó sì lè ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà fún yín tàbí kí ó tì í mọ́ yín lójú. Èyí ni ọ̀rọ̀ yíyan ẹni tí yóò ya fọ́tò ojú tí ẹ óò fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń wá òṣèré. Èrò tèmi ni pé ayàwòrán tí ó yẹ ọ̀dọ́ òṣèré kì í ṣe ẹni tí ó lè sọ ọ́ di arẹwà. Ẹni tí ó lè fi í hàn bí ó ti rí ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ irú àwòrán tí à ń sọ. Fọ́tò ojú òṣèré kì í ṣe fọ́tò ọjọ́ ìbí, kì í sì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó. Láti orí dé èjìká, tàbí dé àyà, ni ó máa ń mọ. Aṣọ inú rẹ̀ kì í pariwo, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ní òdòdó tàbí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ojú nìkan ni a fẹ́ wò. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn ni ìnṣì 8 ní ìbú àti ìnṣì 10 ní gígùn. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1927 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan tí ń jẹ́ Spotlight, tí wọ́n ń kó àwòrán àwọn òṣèré jọ sí, kí ẹni tí ń wá òṣèré lè ṣí i wò. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ náà wà. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, orí fóònù ni púpọ̀ nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹni tí ń yan òṣèré a jókòó ti òkìtì wọn, kì í sì í pẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń bi àwòrán náà: “Ṣé ojú tí mò ń wá nìyí?”

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣòro fún wa, ẹ jẹ́ kí a wẹ̀yìn wò. Ní ayé àwọn bàbá wa àgbà, ohun ńlá ni kí ènìyàn lọ ya fọ́tò. Bàbá yóò wọ agbádá tí ó dára jù nínú àpótí rẹ̀, yóò jókòó lórí àga, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, yóò sì kọjú sí ẹ̀rọ náà gan-an láìrẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni aṣọ ìkélé tí wọ́n ya ọgbà òyìnbó sí yóò wà. Irú fọ́tò bàbá mi àgbà bẹ́ẹ̀ wà ní pálọ̀ wa títí di òní. Kò sọ fún mi bí bàbá náà ti ń rẹ́rìn-ín, kò sì sọ bí ó ti ń bínú. Ipò rẹ̀ ni ó sọ: pé ẹnì kan tí ó tó ènìyàn gbé ilé ayé rí. Ohun tí a rán an nìyẹn, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n àṣà náà kò tíì kúrò lára wa. Títí di òní, bí ọmọdé bá wọ ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán, ohun tí ó ń fẹ́ ni kí àwòrán rẹ̀ lọ́lá ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn òṣèré wa àtijọ́ kò mọ ìṣòro yìí. Nígbà tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré ní Èkó ní ọdún 1944, tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládípọ̀ sì tẹ̀lé e lẹ́yìn, àwọn ẹgbẹ́ òṣèré ń rìn láti ìlú dé ìlú. Ohùn, ìlù, ijó àti ìrìn ni ó ń gbé eré náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ a lọ bá olórí ẹgbẹ́, a wà lọ́dọ̀ rẹ̀, a bá a rìn, a bá a jẹun. Olórí yóò sì máa wo ojú ọmọ náà lójoojúmọ́ títí yóò fi mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ìwé Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ eré Yorùbá ní fọ́tò, tí ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sì wà lára àwòrán. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ wo ojú àwọn òṣèré wọn ní tòsí. Ní ọdún 1976, Àjàní Ògún jáde, fíìmù àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Sinimá wá sún ojú òṣèré mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí ìpéǹpéjú tí ó gbọ̀n lásán fi di gbólóhùn ọ̀rọ̀.

Lónìí, àwọn tí ń wá iṣẹ́ eré pọ̀ ju ẹni tí olùdarí kan lè gbà sílé lọ. Fọ́tò ni ó kọ́kọ́ ń rí. Ohun tí olórí ẹgbẹ́ fi oṣù mélòó kan wò lójú ọmọ tí ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo ni a ń ní kí ó sọ fún olùdarí lóde òní. Ẹrù ńlá ni a gbé ka orí ohun kékeré. Ẹ wá wò ó bóyá ó yẹ kí ẹrù náà jẹ́ irọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní Yorùbá jáde ní ilé-ìwé wa. Nígbà tí ó wà pẹ̀lú wa, òun ni ó ṣe ìyá àgbà nínú eré ìparí ọdún, tí àwọn òbí sì ń nu omijé nù. Ojú rẹ̀ kò lẹ́wà ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Adúmáadán ni, àpá kékeré kan sì wà ní iwájú orí rẹ̀, níbi tí ó ti ṣubú lu ọlọ nígbà tí ó wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n bí ó bá wo ènìyàn, ẹni náà yóò mọ̀ dájú pé a wo òun.

Ọmọ náà gbọ́ pé wọ́n ń wá òṣèré fún fíìmù kan ní ìlú ńlá, wọ́n sì ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi fọ́tò ojú rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní ọjà. Ó kó 60,000 náírà nínú owó àjọ tí ó fẹ́ fi ra ọjà, ó fún un. Ọmọ náà gba ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan lọ tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa fọ́tò ìgbéyàwó. Wọ́n kun àtíkè oríṣiríṣi sí i lójú, wọ́n lẹ irun ojú àtọwọ́dá mọ́ ọn, wọ́n wé gèlè gàgàrà fún un. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò náà tán, wọ́n tún fi kọ̀ǹpútà pa àpá iwájú orí rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì sọ adúmáadán di apọ́nbéporé.

Nígbà tí ó mú fọ́tò náà wá hàn mí, mo yìn ín. Èmi tí mo pe ara mi ní olùkọ́ ni mo la ẹnu, tí mo ní, “Ọmọ mi, o mà dára o!” N kò bi ara mi léèrè ẹni tí mo ń wò. Mo jẹ nínú ẹ̀bi náà, ìdí sì nìyí tí mo fi ń kọ àròkọ yìí.

Wọ́n pe ọmọ náà. Ó wọ mọ́tò ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ó dé ibẹ̀. Ọkùnrin tí ń yan òṣèré wo fọ́tò, ó wo ọmọ, ó tún wo fọ́tò. Ó ní, “Ẹni tí ó ni fọ́tò yìí ńkọ́?” Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Èmi ni, sà.” Ọkùnrin náà kò bínú. Ó ní ìyàwó olówó ni òun ń wá, ẹni tí ó wà nínú fọ́tò sì ni òun ránṣẹ́ pè. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ náà kò lè gbàgbé: “Ká ní ojú tìrẹ yìí ni o fi ránṣẹ́ ni, mo ní iṣẹ́ ọmọ àgbẹ̀ kan tí mo fún ẹlòmíràn lánàá.” Bẹ́ẹ̀ ni 60,000 náírà lọ, owó ọkọ̀ lọ, àtẹ ìyá rẹ̀ sì ṣófo ní ọjọ́ ọjà méjì.

N kò sọ èyí láti dẹ́bi fún ayàwòrán náà. Iṣẹ́ tí ó mọ̀ ni ó ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Fọ́tò ìgbéyàwó wà láti bọlá fún ọjọ́ ayọ̀, kò sì sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ẹni tí ó wọ aṣọ òkè lọ sí oko ni ó ṣì í, kì í ṣe ẹni tí ó hun aṣọ òkè. Fọ́tò ojú jẹ́ oníṣẹ́ tí a rán ṣáájú. Bí oníṣẹ́ bá dé ibi tí a rán an, tí ó ń fi ohun tí olówó rẹ̀ kò ní yangàn, ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá dé ni ojú yóò ti í. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ inú fọ́tò kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá ni òtítọ́ ti máa ń bá a.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Èkíní yóò sọ pé, “Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á, ẹni tí ó bá fẹ́ fọ́tò rere, kí ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó wọ́n.” N kò jiyàn pé ẹ̀rọ tí ó dára àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ń gba owó. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a bi ara wa léèrè: nínú ọbẹ̀ náà, owó ẹran ni a ń san, tàbí owó àwo? Bí owó bá lọ sí orí ìmọ̀ àti sùúrù ayàwòrán, ó tọ́. Bí ó bá lọ sí orí gèlè, àtíkè àti aṣọ ìkélé, àwo ni a rà.

Èkejì yóò sọ pé, “Ṣé fóònù ọ̀rẹ́ mi kò tó ni?” Fún ìdánrawò, ó tó. Àní fún ẹni tí kò ní kọ́bọ̀, fọ́tò fóònù tí a yà lẹ́bàá fèrèsé sàn ju àìní rárá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ máa ń ya ẹni tí ó fẹ́ràn, kò sì í lè sọ fún ọ pé ojú rẹ le bí ojú ẹni tí ń jẹ́jọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó gbọ́n jù. Yóò sọ pé, “Ṣebí iṣẹ́ òṣèré ni kí ó pa ojú dà? Kí ló dé tí fọ́tò rẹ̀ kò fi gbọdọ̀ pa ojú dà?” Èsì mi rèé: amọ̀kòkò kì í ra ìkòkò láti fi mọ ìkòkò, amọ̀ ni ó ń wá. Olùdarí eré ni amọ̀kòkò, ojú yín sì ni amọ̀. Bí ẹ bá ti sun ún, tí ẹ sì ti kùn ún kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, kí ni ó kù tí yóò mọ?

Nígbà náà, báwo ni a ṣe lè dá ayàwòrán rere mọ̀? Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí yóò fún ni ní aṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Kí ẹ ní kí ó fi fọ́tò ènìyàn mẹ́wàá hàn yín. Bí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá jọra bí ọmọ ìyá kan náà, tí ẹ̀rín wọn jẹ́ ọ̀kan, tí àwọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá dá dúró, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi rò pé bí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní ọjà ẹ óò dá a mọ̀, kí ẹ fà àga, kí ẹ jókòó.

Ohun kejì ni pé kí ó mọ bí a ti ń fi ìmọ́lẹ̀ sí ara àwọ̀ dúdú. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti àwọn ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ Kodak ti ń fi àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fọ fọ́tò, kí wọ́n máa fi díwọ̀n bóyá àwọ̀ inú fọ́tò tọ́. Nítorí náà, ohun tí ó bá obìnrin náà mu ni a kà sí èyí tí ó tọ́, àwọ̀ tiwa a sì máa di òkùnkùn birimù. Àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí sàn púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán kan ṣì wà tí ó jẹ́ pé bóbó ojú ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀. Ẹni tí ó mọṣẹ́ kì í bó ojú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ni ó ń tún ṣe. Kì í mú ènìyàn dúró sínú oòrùn ọ̀sán gangan, nítorí pé òjìji yóò bo ihò ojú. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tàbí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òwúrọ̀ ni ó ń lò, tàbí kí ó fi iná ṣe irú rẹ̀. Kì í sì í sún mọ́ ojú jù, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó bá sún mọ́ ojú jù a máa sọ imú di ńlá, a sì máa fa etí sẹ́yìn. Kí ẹ wo ẹyinjú inú àwọn fọ́tò rẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ kékeré bá ń tàn níbẹ̀, ojú náà yóò dà bí alààyè.

Ohun kẹta ni sùúrù àti ìtàkurọ̀sọ. Ayàwòrán tí kò béèrè orúkọ ẹni kí ó tó gbé ẹ̀rọ sókè kò lè rí ẹni náà. Ojú ènìyàn kì í tú ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni rere yóò bi yín ní ìbéèrè, yóò jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ rántí nǹkan, yóò sì máa dúró de ìgbà tí ẹ bá gbàgbé pé ẹ̀rọ wà níwájú yín.

Ohun kẹrin ni àdéhùn. Kí ẹ mọ iye owó, iye fọ́tò, ọjọ́ tí ẹ óò gbà á, àti ohun tí yóò fi kọ̀ǹpútà tún ṣe. Lórí àtúnṣe yìí, òfin kan tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi nìyí: ohun tí yóò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí eéwo ojú, ó lè pa á rẹ́, ohun tí yóò bá ọ dé ogbó, bí àpá àti ilà, kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ohun karùn-ún kò gba àlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, pàápàá fún ẹ̀yin ọmọbìnrin. Ẹ má ṣe dá lọ. Ẹ mú òbí tàbí àgbà kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé dání. Ayàwòrán tí ó bá sọ pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín wá, tàbí tí ó ní kí ẹ bọ́ aṣọ fún fọ́tò tí kò kọjá èjìká, ẹ jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo fẹ́ parí ìtàn ọmọbìnrin wa. Lẹ́yìn ìtìjú náà, ó padà wá sí ilé-ìwé láti kí wa. Ayàwòrán kan wà ní àdúgbò wa tí ó máa ń wá ya fọ́tò pélébé fún àwọn tí ń ṣe ìdánwò. Ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, ó mú ọmọ náà dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì wa, ó fi ògiri ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ní kí ó sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tí ó sọ nínú eré ọjọ́sí. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó sì gbàgbé ara rẹ̀. Nígbà tí ó dákẹ́ láti mí ni ọkùnrin náà tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. 5,000 náírà ni ó gbà. Àpá wà níbẹ̀, adúmáadán wà níbẹ̀, ojú tí ń wo ènìyàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

N kò ní sọ fún yín pé ó ti di olókìkí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè é. Wọ́n dá a padà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ní ìgbà kẹta ni wọ́n fún un ní iṣẹ́ kékeré kan tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí ó wo fọ́tò kí ó tó béèrè ẹni tí ó ni ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọjọ́ yín bá pé tí ẹ óò lọ ya fọ́tò ojú, ẹ má ṣe wá ẹni tí yóò fún yín ní ojú mìíràn. Èyí tí Olódùmarè fún yín ni wọn yóò rí nígbà tí ẹ bá wọlé. Ẹ wá ẹni tí yóò jẹ́ kí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ṣáájú yín.